Iyàrá Ètò àti Iyàrá Ẹrù nínú Kọ̀ǹpútà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni bí a ṣe lè pín díìsìkì kọ̀ǹpútà, kí ohun ìní wa má baà bá ètò tí ń darí ẹ̀rọ náà lọ.

Oríṣi ẹrù méjì ni díìsìkì ń gbé. Èkíní ni ètò tí ń mú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, bí i Windows tàbí Linux. Èkejì ni ohun tí ó jẹ́ tiwa: àwòrán, ìwé tí a ń kọ, ohùn àwọn onírárà tí a gbà sílẹ̀. Bí ètò bá bàjẹ́, a óò rí òmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onírárà bá ti papò dà, ta ni yóò tún rárà náà sun fún wa?

A kì í kó àpótí aṣọ sí ilé ìdáná. Iyàrá ọ̀tọ̀ ni ti ẹrù, kí a lè wó ilé ìdáná, kí a sì tún un kọ́, láìfọwọ́ kan àpótí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni pípín díìsìkì rí.

Ní 1983, mẹ́gábáìtì 10 péré ni díìsìkì IBM PC XT ń gbà. Lónìí, gìgábáìtì 512 wọ́pọ̀. Windows 11 ń béèrè 64 ó kéré tán, ṣùgbọ́n ètò a máa wú sí i. Bí a bá fi nǹkan bí 150 sílẹ̀ fún C, tí a fi ìyókù ṣe D, àyè yóò gba tọ̀tún tòsì. Àwọn tí ń lo Linux a máa ya /home sọ́tọ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó: iyàrá tí ó há ṣòro í fẹ̀ lẹ́yìn tí ẹrù ti kún inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun mẹ́ta. Àkọ́kọ́, Windows yóò ṣì máa kó ìwé wa sí C, àfi bí a bá júwe D fún un. Èkejì, ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ fi ètò tuntun sí i, C nìkan ni kí a pa rẹ́. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì tọ́ka sí D ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ẹrù rẹ̀ nù. Ẹ̀kẹta, abẹ́ òrùlé kan náà ni iyàrá méjèèjì wà. Bí díìsìkì bá kú, tàbí tí olè bá gbé ẹ̀rọ, C àti D ni yóò jọ lọ.

Nítorí náà, kí a tó pín díìsìkì tí ẹrù wà nínú rẹ̀, àti lẹ́yìn tí a bá pín in tán, ẹ jẹ́ kí a máa ṣe ẹ̀dà ohun ìní wa sí ibòmíràn. Ìpín ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ ètò tí ó bàjẹ́. Ẹ̀dà ni ó ń gbà wá lọ́wọ́ díìsìkì tí ó kú.