Orúkọ àti Àwo Oúnjẹ: Ìṣọ̀kan Onígbàgbọ́ ní Áńtíókù àti ní Agbègbè Tchaourou

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó so àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú pọ̀ ní Áńtíókù, ìlú ńlá kan lábẹ́ ìjọba Róòmù ní Síríà. Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì (11:26) sọ pé ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ pè wọ́n ní Kristẹni. Àmọ́ orúkọ nìkan kò tó. Gálátíà 2 fi hàn pé nídìí oúnjẹ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀: Pétérù, tí ó ti ń bá àwọn tí kì í ṣe Júù jẹun, fà sẹ́yìn nígbà tí àwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù. Pọ́ọ̀lù sì bá a wí lójú gbogbo ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Tchaourou. Níbẹ̀, Mùsùlùmí àti Kristẹni lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Boni Yayi, ọmọ ìlú náà tí ó ṣe ààrẹ Benin láti 2006 sí 2016, jẹ́ Kristẹni tí a bí sí ìdílé Mùsùlùmí. Èdè pàápàá jẹ́rìí sí i: àlùfáà, àdúrà àti ìwàásù tí àwọn Kristẹni ń lò, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbà wọ́n.

Ìyàtọ̀ kan wà. Ní Áńtíókù, onígbàgbọ́ ni ó ń sá fún àwo onígbàgbọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Tchaourou, àwo ẹbí ni ọ̀rọ̀ kàn. Síbẹ̀, mo rí i pé ìbéèrè kan náà ni: ṣé dandan ni kí ẹni tí ó gba orúkọ tuntun kọ àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun tẹ́lẹ̀? Ìdáhùn Pọ́ọ̀lù kò fi ìgbàgbọ́ dá àwo oúnjẹ sí méjì.