Ife Ẹ̀yẹ tí Kalusha Wá Títí, Libreville Ló Ti Rí I

Bí a bá dárúkọ Libreville, olú ìlú orílẹ̀-èdè Gabon, létí ọ̀pọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ òwò ló máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Àwọn ará wa láti Nàìjíríà àti láti Bẹ̀nẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn tipẹ́. Ìlú Òmìnira ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Faransé, nítorí pé àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun ni wọ́n fi tẹ ibẹ̀ dó ní 1849, bí wọ́n ti ṣe ní Freetown tí àwọn baba wa mọ̀ sí Sàró. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ìlú yìí kan náà fún ará Zambia kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Kò ní rántí òwò rárá. Ọjọ́ méjì ló máa dá fún yín: ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1993, àti ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 2012.

Ọkùnrin kan dúró láàárín ọjọ́ méjèèjì. Kalusha Bwalya ni orúkọ rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù débi tí gbogbo ilẹ̀ Adúláwọ̀ fi mọ̀ ọ́n, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó sì tún di olórí àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ yé èèyàn dáadáa bí ó bá ti rí àwọn ògbólógbòó agbábọ́ọ̀lù tó bọ́ bàtà, tí wọ́n fa súfèé akọ́nimọ̀ọ́gbá sẹ́nu, tí nǹkan kò sì rí bí wọ́n ṣe rò ó.

Ìlú Mufulira, níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà nínú ilẹ̀, ni wọ́n bí i sí ní 1963. Ẹgbẹ́ Mufulira Wanderers ló gbá bọ́ọ̀lù fún kí ó tó lọ sí Cercle Brugge ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1985. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò, nọ́ńbà 11 ló sì máa ń wà lẹ́yìn aṣọ rẹ̀. Tí rẹfirí bá ti fún Zambia ní fíríkíìkì nítòsí ilé àwọn alátakò, tí Kalusha sì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ á ti dìde dúró.

Ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1988 ní South Korea, Zambia pàdé Ítálì. Ítálì kó àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní ilẹ̀ wọn wá. Ta ló mọ Zambia nígbà náà? Gọ́ọ̀lù mẹ́rin sí òdo ni Zambia fi lu wọ́n, Kalusha nìkan ló sì gbá mẹ́ta nínú rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ìwé ìròyìn France Football kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ ní ilẹ̀ Adúláwọ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sí PSV Eindhoven ní Hóláǹdì, níbi tí òun àti Romário, ọmọ Brazil, ti jọ gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ Bobby Robson, tí wọ́n sì gba ife líìgì ní 1991 àti 1992.

Hóláǹdì tó wà yìí ni kò jẹ́ kí ó kú.

Ní oṣù kẹrin 1993, ikọ̀ Zambia ṣẹ̀ṣẹ̀ na Mauritius ní 3-0, wọ́n sì ń lọ sí Dakar láti bá Senegal wàákò nínú ìdíje kòmẹsẹ̀-ó-yọ fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Bàálù àwọn ológun ni wọ́n wọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Buffalo. Kò lè fò láti Lusaka dé Dakar lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó ní láti máa dúró gba epo: Brazzaville, Libreville, lẹ́yìn náà Abidjan. Ó gba epo ní Libreville, ó gbéra ní alẹ́, kò sì pẹ́ rárá tó fi já sínú òkun, níwọ̀n ààbọ̀ kìlómítà sí èbúté. Èèyàn ọgbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó yè é. Agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún ló bá a lọ. Ìròyìn tí ìjọba Gabon gbé jáde ní 2003, ọdún mẹ́wàá gbáko lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, sọ pé ẹ́ńjìnnì kan ló dàrú, èyí tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni awakọ̀ òfurufú náà pa. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Òun ló gbé wọn bọ̀ láti Mauritius.

Godfrey Chitalu, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, wà nínú bàálù náà. Òun ni gọ́ọ̀lù rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú ìtàn ikọ̀ Zambia kí ó tó di ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù, ó mọ̀ ọ́n kọ́, àwọn ọmọ náà sì ti ń gbá a bó ṣe fẹ́. Ìdí nìyí tí ikú rẹ̀ fi dun àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lọ́nà ọ̀tọ̀.

Kalusha kò sí níbẹ̀ torí pé láti Hóláǹdì ni ó ti fẹ́ wọ bàálù tirẹ̀ lọ bá wọn ní Dakar. Bí ó ṣe di pé òun ni balógun ikọ̀ tuntun nìyẹn. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n gbé wọn lọ sí Denmark fún ìgbáradì. Ní oṣù keje ọdún kan náà, Zambia gbàlejò Mòrókò ní Lusaka, wọ́n na Mòrókò ní 2-1. Kalusha gbá ọ̀kan sáwọ̀n láti orí fíríkíìkì. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, bí wọ́n bá sáà ti lè ta ọ̀mì ní Casablanca, wọ́n ti dé Amẹ́ríkà fún ife àgbáyé. Wọ́n pàdánù pẹ̀lú gọ́ọ̀lù kan sí òdo. Ọmọ Gabon ni rẹfirí ọjọ́ náà, ẹ̀yin náà sì lè mọ ohun tí àwọn ará Zambia ń sọ lẹ́yìn eré.

Ọ̀rọ̀ kan àwa náà báyìí. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin 1994, kò tíì pé ọdún kan tí bàálù já, Zambia dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Tunis. Nàìjíríà ló dúró dè wọ́n. Elijah Litana gbá tiwọn wọlé kí eré tó gbóná, Emmanuel Amuneke dá a padà ní kíá, ó sì tún gbá èkejì lẹ́yìn ìsinmi. Peter Rufai ló ṣọ́ ilé fún wa, Rashidi Yekini sì ni gọ́ọ̀lù rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìdíje náà. A jó, a yọ̀. Ó tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n mo rò pé Zambia nìkan ni ikọ̀ tí a tíì na rí tó jẹ́ pé lẹ́yìn ayọ̀, ojú ń ti àwa fúnra wa díẹ̀. Ní 1996, Zambia ṣe ipò kẹta, Kalusha sì gbá gọ́ọ̀lù márùn-ún, òun ló ṣíwájú gbogbo wọn. Ife ẹ̀yẹ kò wá sọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

Ní 2003, wọ́n fa iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lé e lọ́wọ́. Kò tíì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ pátápátá, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti wọ pápá bó bá fẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2004 ni wọ́n fi máa ń yangàn dòní. Zambia ń bá Liberia wàákò, eré ń parí lọ, gọ́ọ̀lù kò wọlé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wọ pápá lọ, ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ fún fíríkíìkì, ó sì gbá a wọlé. Zambia jáwé olúborí pẹ̀lú gọ́ọ̀lù kan sí òdo.

Inú gbogbo èèyàn ló dùn. Lójú tèmi, gọ́ọ̀lù yẹn gan-an ló fi ìṣòro rẹ̀ hàn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ní láti wọlé lọ gbá a, kò tíì rí ẹni tí yóò gbá a bíi tirẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ogún ọdún ní ohun tí ẹsẹ̀ òsì ẹni ti mọ̀ láti kékeré, tí kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fúnni rí?

Zambia kò lọ sí ife àgbáyé 2006. Tógò ló gba ipò náà, Stephen Keshi sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Keshi kan náà tó jẹ́ balógun Nàìjíríà nígbà tí a na Zambia ní Tunis. Lóòótọ́, wọ́n gba Tógò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Níbi ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Íjíbítì lọ́dún náà, Tùnísíà na ọmọ Kalusha, Nàìjíríà náà na wọ́n ní 2-1, Ọbáfẹ́mi Martins ló gbá méjèèjì. Augustine Eguavoen, òun náà ọ̀kan lára àwọn ọmọ 1994, ló ń darí Nàìjíríà. Zambia borí South Africa, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Kalusha kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Libreville fúnra rẹ̀ ní ọmọ tó rí irú rẹ̀. Daniel Cousin, tí wọ́n bí síbẹ̀ ní 1977, gbá bọ́ọ̀lù fún Rangers ní Scotland, ó sì lọ sí Hull City, níbi tó ti fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé tí wọ́n fi na Arsenal nílé wọn ní 2008. Wọ́n sọ ọ́ di akọ́nimọ̀ọ́gbá Gabon ní oṣù kẹsàn-án 2018. Ní oṣù kẹta 2019, Gabon ta ọ̀mì 1-1 ní Burundi, Burundi sì lọ sí ìdíje ilẹ̀ Adúláwọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Cousin lọ sílé. Keshi ló ṣe é yọrí láàárín wọn: ó gba ife náà fún Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 2013, lẹ́yìn tó ti gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù. El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí Kalusha wá ṣe lẹ́yìn èyí ni mo gbóríyìn fún jù. Ní 2008, ó di ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Zambia. Kò wá ẹni tí ó gbajúmọ̀ bíi tirẹ̀. Ọmọ Faransé kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n gbà, Hervé Renard. Ẹ̀yìn ni Renard máa ń dúró sí nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì lókìkí kankan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú ẹgbẹ́ kékeré kan ní Faransé, iṣẹ́ ìmọ́tótó ló fi ń jẹun. Á jí ní ìdájí lọ gbálẹ̀, á wá lọ kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ó kúrò ní Zambia ní 2010, wọ́n tún pè é padà ní 2011.

Gabon àti Equatorial Guinea ló jọ gbàlejò ìdíje 2012. Bata, ní Equatorial Guinea, ni wọ́n pín Zambia sí. Senegal ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé, orílẹ̀-èdè tí àwọn tó kú ń lọ bá ní 1993, wọ́n sì na wọ́n ní 2-1. Wọ́n na Sudan, wọ́n na Gánà, Bata náà ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé. Àṣekágbá nìkan ló lè gbé wọn dé Libreville. Àwọn tó gbàgbọ́ nínú àmì lè ka ohun tí wọ́n bá fẹ́ sí i. Èmi kàn ń sọ bí ètò ìdíje náà ṣe rí ni.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n kọ́kọ́ lọ sí etí òkun. Kalusha wà pẹ̀lú wọn. Wọ́n ju òdòdó sínú omi, wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kéré púpọ̀ nígbà tí bàálù já.

Ivory Coast ni wọ́n bá pàdé ní pápá Angondjé. Ta ni kì í bẹ̀rù wọn? Didier Drogba, Yaya Touré, Gervinho. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Joseph Musonda ti Zambia fi fara pa, ó ń sunkún jáde. Drogba gba pẹnárítì sókè lọ ní ìdajì kejì. Eré parí ní òdo sí òdo, wọ́n fi kún un, òdo sí òdo náà ni. Wọ́n wá bọ́ sí pẹnárítì, àwọn ọmọ Zambia ń kọrin bí wọ́n ti dúró. Kolo Touré gbá tirẹ̀ nù, Rainford Kalaba náà gbá a nù, lẹ́yìn náà Gervinho. Stoppila Sunzu ló jáde sí i lẹ́yìn náà. Ó wọlé. Ó di 8-7.

Renard sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá, ó gbé Musonda tí kò lè rìn, ó gbé e dé ibi tí àwọn yòókù ti ń jó. Kalusha wọ kóòtù lọ́jọ́ náà. Kò wọ bàtà bọ́ọ̀lù, kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Renard gba ife kan náà fún Ivory Coast ní 2015. Kalusha pàdánù ìdìbò sípò ààrẹ àjọ náà ní 2016. Ní Lusaka, àwọn ọmọ 1993 sùn sí ibojì wọn nítòsí pápá Independence. Ní 2014, wọ́n ṣí pápá ńlá mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ wọn, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni National Heroes, nítorí wọn.