Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú: Àgbàrá Tí Wọ́n Mọ̀, Ìmìtìtì Tí Wọ́n Gbàgbé

Ojú tí àwùjọ fi ń wo ewu kì í sábà bá bí ewu náà ti tóbi tó mu. Èyí tó ń padà wá lọ́dọọdún ni ènìyàn ń múra dè, èyí tó bá sì tó ogún ọdún kí ó tó tún yọjú, ìgbàgbé á ti bò ó mọ́lẹ̀.

Àgbàrá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kí òjò ńlá tó dé ni onílé ti ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà, tí ó sì ń gbé àpò gààrí kúrò nílẹ̀. Òwe pàápàá sọ pé àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Ewu inú òwe yìí ní ọ̀nà tó ń gbà wọlé, ẹni tó yẹ kó dènà rẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Kò rọrùn láti rí irú òwe bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ tó mì, bẹ́ẹ̀ ó mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1963, ó sì tún mì ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, nígbà tí wọ́n mọ̀ ọ́n lára dé Ṣàgámù, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ti 1984 yìí wà ní nǹkan bí 4 lórí ìwọ̀n ìmìtìtì, níbi tí agbára ìpele kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 32 èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Irú rẹ̀ ń mú kí àwo máa kan ara wọn lórí pẹpẹ, ó sì lè tán kí ẹni tó wà ní yàrá tó dé ẹnu ọ̀nà. Nàìjíríà jìnnà sí etí àwọn abala ńláńlá tí èèpo ayé pín sí, níbi tí ìmìtìtì ti ń le jù, ṣùgbọ́n àwọn ojú ibi tí àpáta ti sán láti ayébáyé wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, irú èyí tó gba Ifẹ̀wàrà lọ sí ìhà Zungeru. Ìjẹ̀bú-Òde wà nítòsí ibi tí àpáta líle ti àríwá ti wọ abẹ́ ilẹ̀ iyanrìn lọ, ilẹ̀ iyanrìn tí kò ki sì máa ń mì ju àpáta lọ.

Lójú ọmọ Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ kì í ṣe iyanrìn àti àpáta nìkan. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí májẹ̀mú, òun ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Òṣùgbó ń bọ, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí ilẹ̀ bá mì tí àgbàlagbà sì kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìlú ṣe. Àṣìṣe ni láti pe ìbéèrè yìí ní àìmọ̀kan. Paul Slovic, onímọ̀ nípa ìrònú ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1987 pé ará ìlú kì í ka iye òkú nìkan bí àwọn ògbógi ti ń ṣe, wọ́n ń ṣírò ẹ̀rù tó wà nínú ewu náà àti bí ó ti ṣókùnkùn sí wọn tó. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ìbéèrè nípa májẹ̀mú kò sọ ohunkóhun fún bíríkìlà.

Bẹ́ẹ̀ bíríkìlà ló yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ní Accra, ní Ghana, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, ìmìtìtì tó tó nǹkan bí 6.5 wó ilé, ó sì pa ènìyàn. Ilé tó wó ló sì máa ń pani, kì í sábà jẹ́ ilẹ̀ tó mì. Ẹni tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984 ti tó ẹni tí ń kọ́ ilé alájà báyìí, ó sì lè fi búlọ́ọ̀kù tí èékánná lásán ń ha kọ́ ọ, kí ó fi òpó rẹ̀ sílẹ̀ láìfi irin tó tó dè é, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nílé sọ fún un rí pé ilẹ̀ tó ń kọ́ ọ lé ti mì lójú àwọn òbí rẹ̀.