Bí Katakata Bá Wọ Oko, Ibo Ni Àwọn Ọmọ Wà?

Òjò Maiduguri kì í pẹ́. Oṣù kẹfà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oṣù kẹsàn-án bá sì parí, ó ti ń lọ. Nítorí náà, bí a bá ti rí katakata háyà, ìkánjú a bá wa. Inú ìkánjú yìí ni ewu wà.

Awakọ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n aya àti ọmọ tiwa ló ń dúró yí katakata ká. Àwa gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí.

Èkínní: Ìjókòó kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀pọ̀ katakata, ti awakọ̀ ni. Orí ìbòrí táyà kì í ṣe ìjókòó. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, ẹni tó jókòó síbẹ̀ lè já bọ́ síwájú táyà ńlá ẹ̀yìn, tàbí sórí irin tí ń túlẹ̀. Bí ọmọ bá bẹ̀ yín títí, ẹ má gbà kí ó gùn ún.

Èkejì: Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pá irin tí ń yí láàárín katakata àti ẹ̀rọ tí ó ń bá ṣiṣẹ́, bí ẹ̀rọ ìpakà. Ó sábà máa ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ènìyàn tó ké “yéè”, ó ti wé aṣọ mọ́ra, ó sì ti fa apá tàbí ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má wọ agbádá, ẹ má sì da ìborùn sún mọ́ ọn. Bí ìbòrí ọ̀pá náà bá ti sọnù, kí wọ́n fi òmíràn sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí koríko bá há sínú ẹ̀rọ, kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnì, kí ó yọ kọ́kọ́rọ́, kí ohun gbogbo dúró jẹ́ẹ́, kí a tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kẹta: Àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ dúdú firki níhà adágún Chad mọ̀ pé bí ó bá rin, a máa gbé táyà mì. Bí táyà ẹ̀yìn kò bá lè yí mọ́, tí awakọ̀ sì ń fi agbára tẹ̀ ẹ́, iwájú katakata lè gbé sókè, kí ó dojú dé e. Ẹ má so igi mọ́ táyà. Ẹ wa ẹrẹ̀ ẹ̀yìn táyà kúrò kí ó lè fi ẹ̀yìn jáde, tàbí kí katakata mìíràn fà á, kí gbogbo ènìyàn sì jìnnà sí ṣéènì.

Ní 1959, ìjọba Sweden pàṣẹ pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní férémù irin tí ń dáàbò bo awakọ̀ bí ó bá dojú dé. Irú ikú bẹ́ẹ̀ dín kù gidigidi níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ háyà, ẹ wá èyí tó ní férémù yìí, kí awakọ̀ sì de bẹ́líìtì.

Kí katakata tó dé, ẹ kó àwọn ọmọ sábẹ́ igi dóńgóyárò tó jìnnà, kí àgbà kan máa ṣọ́ wọn. Ìfura loògùn àgbà. Nítorí àwọn ọmọ la ṣe wá oúnjẹ wá sí Borno. Ilẹ̀ tí a kò tú tán lónìí, a ó tú u lọ́la.