Ìwé Tí Ó Ti Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Lójú

Ní 1952, wọ́n tẹ ìwé Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, The Palm-Wine Drinkard, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Òyìnbó yìn ín, ṣùgbọ́n ojú ti púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé àti akẹ́kọ̀ọ́ wa: wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, yóò sọ wá di ẹni ẹ̀sín. Wọ́n gbàgbé pé bí àgbà ti ń pàlọ́ ni ó ṣe kọ ọ́. Lónìí, wọ́n ń kọ́ ìwé náà ní yunifásítì.

Bí ìwé kan kò bá wù yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì tọ́ka sí ojú ewé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ìwé náà ni kò dára, àbí ohùn ilé wa ni ó ń tì yín lójú?