Ìkorò Ewúro àti ti Òṣùṣú: Àlàyé lórí Oje Ewé inú Oògùn Ìdínsanra

Òṣùṣú ni ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì lò fún irúgbìn ẹlẹ́gùn-ún kan tí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn Òyìnbó ń gbin oríṣi rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní artichoke. Wọ́n ń yọ oje ewé rẹ̀ sínú hóró oògùn ìdínsanra àti ìpara ojú. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni pé ìbátan òṣùṣú wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ewúro ni.

Ewúro kò ní ẹ̀gún, nítorí náà òdòdó rẹ̀ ni kí olùkọ́ já fún akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ohun tí ojú rí bí òdòdó kan ṣoṣo jẹ́ àkójọ òdòdó wẹ́wẹ́ lórí ìdí kan, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti òṣùṣú rí. Ìbátan yìí dé inú oje wọn pẹ̀lú. Cynaropicrin ló mú artichoke korò. Vernodalin wà lára ohun tó mú ewúro korò. Ẹ̀yà kẹ́míkà kan náà sì ni àwọn méjèèjì.

Àwọn ìyá wa mọ agbára ìkorò yìí kí ilé ìwádìí tó dé. Wọ́n ń fi iyọ̀ bọ ewúro, wọ́n ń fọ̀ ọ́ títí ìfófòò rẹ̀ yóò fi dínkù, kí wọ́n tó fi se ọbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dà nù yìí gan-an ni ẹni tó ń ṣe oògùn ń wá. Yóò sá ewé gbẹ, yóò rẹ ẹ́ sínú omi tàbí ọtí, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ kúrò títí yóò fi ki. A kò lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ pé ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ ewúro láti kékeré ti dán oje kíki wò.

Ṣé ó ń dín ọ̀rá kù lóòótọ́? Eku ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ìdánwò tí a gbọ́ nípa rẹ̀, eku kì í sì í ṣe ènìyàn. Àwọn àgbo ìdínsanra mìíràn tún ní ewé tó ń ṣunni nínú, bí àsùnwọ̀n. Ìwọ̀n ara yóò wálẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n omi ló lọ. Ọ̀rá wà níbẹ̀.

Èyí tó kan ẹ̀mí ni ti àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ewúro lè mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí ẹni tó ń lo oògùn ilé ìwòsàn bá tún da oje kíki lé e, ṣúgà náà lè wálẹ̀ jù, kí òòyì gbé e tàbí kí ó dákú. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ fún dókítà rẹ̀.

Àjọ NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, máa ń béèrè pé kí a kọ ọ́ sára àgbo tí ó gbà wọlé pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn sọ wò. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ olùrà kà sí ẹ̀rí pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́.