Okùnfà àti Ohun Tí Ń Ṣílẹ̀kùn fún Un: Àìsàn Brọ́ńkíoláítìsì Lára Ọmọ Ọwọ́

Ìfáárà

Bí ọmọ ọwọ́ bá ń wúkọ́, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, tí ó sì ń mí gúlegúle, ohun tí àwọn àgbà sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé òtútù ló mú un. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nípa àìsàn kan ṣoṣo, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní brọ́ńkíoláítìsì. Ohun tí ń fa àìsàn yìí yàtọ̀ sí ohun tí ń ṣílẹ̀kùn fún un. Òbí tí kò bá mọ ìyàtọ̀ náà lè máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí àrùn kò gbà wọlé.

Ọ̀nà èémí a máa pín sí ẹ̀ka bí igi nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ẹ̀ka tí ó tín-ín-rín jù lọ ni kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń bá jà: wọn a wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a sì dí wọn. Fáírọ́ọ̀sì tí a ń pè ní RSV ni ó wà nídìí èyí tí ó pọ̀ jù. Kí ọmọ tó pé ọdún 2, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí RSV kò ní kàn. Ohun tí ó wá yẹ ní bíbéèrè ni ìdí tí ó fi ń jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán fún ọmọ kan, tí ó sì ń gbé ẹlòmíràn dé ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ Orí àti Oṣù Inú

Ewu náà pọ̀ jù fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3. Ọ̀nà èémí rẹ̀ ti tín-ín-rín tẹ́lẹ̀. Bí fífẹ̀ ihò kan bá dín sí ìdajì, ìnira tí afẹ́fẹ́ yóò ní láti gba ibẹ̀ kọjá lè di ìlọ́po 16. Ìwúlé tí àgbàlagbà kò ní mọ̀ lára lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ti ọmọ ọwọ́ pa.

Ti ọmọ tí a bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 tún le jù bẹ́ẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn oyún ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú èròjà tí ń gbógun ti àrùn máa ń ti ara ìyá wọ ara ọmọ. Ọmọ tí ó yára jáde kò rí ogún yìí gbà tán, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì tíì gbó. Àbùkù ọkàn tí a bí mọ́ ọmọ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ náà ń dá kún ewu.

Ohun Tí Ń Bẹ Nínú Ilé

Sìgá tí ìyá mu nígbà oyún, tàbí tí ẹnikẹ́ni ń mu nítòsí ọmọ, ń ba ọ̀nà èémí jẹ́. Èéfín igi ìdáná náà kò dára. Ọmọ tí a pọ̀n nídìí ààrò ń fa ohun tí ìyá ń fà. Omi ọyàn ń dín ewu kù, kò sì sí àgbo tí ó lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tí ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi ni ọ̀pọ̀ kì í fura sí. Ọ̀fìnkìn tí kò dí ọmọ ọdún 4 lọ́wọ́ eré ni ó ń gbé lọ bá àbúrò ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà nílé. RSV lè wà láàyè fún wákàtí mélòó kan lórí tábìlì àti ohun ìṣeré, nítorí náà olùkọ́ tí ń nu imú ọmọ kan dé òmíràn láìfọwọ́ wà lára àwọn tí ń tàn án kálẹ̀.

Ìgbàgbọ́ nípa òtútù kò ṣàdédé wáyé. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olóoru, àsìkò òjò ni RSV máa ń pọ̀ jù, òjò a sì máa kó ènìyàn jọ sínú yàrá. Aṣọ òtútù dára, ṣùgbọ́n kò lè dá fáírọ́ọ̀sì dúró.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí RSV gbé dé ilé ìwòsàn ni a bí lóṣù pípé, tí wọn kò sì ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára RSV fún aláboyún, kí ìyá lè fi èròjà ààbò ránṣẹ́ sí ọmọ inú. Níbi tí kò tíì dé, ojú òbí ni ó kù. Bí ihò imú ọmọ bá ń fẹ̀ nígbà tí ó ń mí, tí egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú, tàbí tí kò lè mu ọyàn mọ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.